Àwọn Tó Ń Ti Òkè Gun Igi

Ká ní oníbàárà kan ní 5,000 dọ́là ní báǹkì. Lójú Object Management Group, àjọ tó ń ṣòfin bí a ṣe ń yàwòrán sọ́fítíwíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, owó yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀: M0 ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwòrán tó ní àkáǹtì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti iye owó wà lókè rẹ̀, ní M1. M2 ni òfin yíyàwòrán náà wà; metamodel ni wọ́n ń pè é. Ta ló wá ń ṣòfin fún òfin? MOF (Meta-Object Facility), ìwé òfin mìíràn tí àjọ náà kọ, ni, ní M3. Ta ló ń ṣòfin fún MOF? MOF náà ni! Ó bí ara rẹ̀, ó sọ ara rẹ̀ lórúkọ, ó tún jẹ ìkómọ ara rẹ̀.

Ìdí la ti ń gun igi, a kì í ti òkè gùn ún. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí dé ṣóńṣó kí wọ́n tó béèrè bóyá igi wà nísàlẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò burú o. Láàárín àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà, Grady Booch ń ya kíláàsì, ìyẹn irú nǹkan tó wà nínú ètò, bí ìkùukùu, àpótí ni James Rumbaugh ń yà, Ivar Jacobson náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní ilé iṣẹ́ Rational, wọ́n pa àwòrán wọn pọ̀, ó di èdè àwòrán tí wọ́n ń pè ní UML, àjọ náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1997. Ta ni yóò bínú sí ìyẹn? Ẹni tó ya àpótí mẹ́ta sára pátákó kí ẹnìkejì rẹ̀ lè rí ibi tí owó ń gbà, ọlọ́gbọ́n ni. Àfi bí ìwé òfin àpótí ṣe ń wú: ẹ̀dà 2.5.1, tó jáde ní 2017, lé ní 700 ojú ìwé.

Ta ló ń kà á? Marian Petre ti Open University ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọ̀rọ̀ wá 50 òṣìṣẹ́ sọ́fítíwíà lẹ́nu wò, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2013. 35 kò lo UML rárá. 11 ń ṣa èyí tó wù wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀? Kò sí ẹyọ kan. Microsoft pàápàá yọ irinṣẹ́ UML rẹ̀ kúrò nínú Visual Studio 2017, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ètò.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ ló ń bíni nínú jù. Ọmọ tí kò tíì kọ ètò kan tí ẹnikẹ́ni lè fi sanwó, òun ni wọ́n ní kó to M0 dé M3 lẹ́sẹẹsẹ nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ àkọsílẹ̀ MOF 2 fúnra rẹ̀ ti ní kò pọn dandan kí ìpele jẹ́ mẹ́rin. Méjì tó. Ẹni tó bá sì wù kó to ogún lérí ara wọn, àyè gbà á.