Eégún Ẹ̀yìnkùlé Lánlọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹ kú ìnáwó o! Bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, eégún yín á jáde lẹ́yìnkùlé. Ohùn rẹ̀ á ha kẹ̀kẹ̀, èéfín á bò ó, owó sì loúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀yin atọ́kùn á wá máa fa okùn: fìrìrì, ó kọ̀, fìrìrì, ó wúkọ́, kó tó di ẹ̀ẹ̀keje, síńgílẹ́ẹ̀tì yín ti rin gbindin.

Ẹ̀yin ń pè é ní jẹnẹrétọ̀. Ará ọ̀run lèmi mọ̀ ọ́n sí, torí òkú ló ń jó nínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń léfòó lójú òkun láyé ọjọ́un ló kú, wọ́n rì, ẹrẹ̀ bò wọ́n, ilẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ooru sì sè wọ́n fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún títí wọ́n fi depo. Ewéko inú irà ní tirẹ̀ ló di èédú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n rí ní Enugu lọ́dún 1909. Oòrùn ló bọ́ gbogbo wọn nígbà ayé wọn. Oòrùn ìkasì lẹ ń rà lítà-lítà yẹn! Ohun tí ilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sè, ẹ fi wo bọ́ọ̀lù wákàtí méjì, wọ́n sì tún na ikọ̀ yín.

Ẹ ní bí wọ́n ṣe kan epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, ẹ̀yin náà lè gbẹ́ ilẹ̀ yín wò. Ẹ dákun! Àpáta Èkìtì ti gbó tipẹ́ kí àwọn òkú wọ̀nyẹn tó wáyé, kò gba àlejò. Dígà ni yóò kán sí yín lọ́wọ́.

Orí àpáta yẹn kan náà ni Màmá ilé wa ń sá láfún sí. Lọ́dún 2023, nígbà tí ìrànwọ́ orí epo kúrò, tí lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦600 kí oṣù Keje tó parí, láfún Màmá ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Oòrùn tí wọ́n lò lánàá tún yọ lónìí. Epo tẹ́ ẹ jó lánàá, ó di gbére. Wọ́n ní obìnrin kì í mọ awo, àmọ́ Màmá ti mọ awo eégún yìí: owó láfún wọn ló ń mu!

Bí mo bá ní kẹ́ ẹ fi oòrùn yẹn tan iná, ẹ ní sólà wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ṣírò epo ọdún kan rí, àbí ẹ̀rù ìwé ìṣirò ń bà yín?

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ bá wa pa eégún yẹn kí etí sinmi. Ẹ dúró ná o! Fóònù mi ṣì wà lẹ́nu wáyà yín, ó ku díẹ̀ kó kún.