Oríkì Mọ́ńdè Tó Ń Bọ̀

Àná ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni àdéhùn àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin: ká pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bàrígà, ká rìn gba Akọka dé ẹnu géètì Yunifásítì Èkó, ká sì rìn padà kí àwọn ọmọ tó jí. Mo wọ kánfáàsì tuntun, mo dúró. Ajá àdúgbò wò mí, ó rí i pé mi ò jọ olè, ó padà lọ sùn. Ní aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé ní wọ́n mú iná dé lóru, iṣẹ́ ń bẹ lórí ẹ̀rọ. Ìyá Ìbejì ní orúnkún ń dun òun. Télọ̀ kọ "Àmín", a ò tíì mọ àdúrà tó ń ṣe àmín sí. Nígbà tó yá, ẹnu wọn kò: "Ẹ jẹ́ ká kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀."

Àná yìí, Mọ́ńdè ni.

Kí ni èmi náà ṣe? Mo fi àtàǹpàkò sókè ránṣẹ́ sí wọn. Bí mo ṣe ń padà sílé, mo ra puff-puff ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Mo jókòó tì í, mo rò ó, mo ní ẹni tó lágbára tó báyìí lórí àgbàlagbà mẹ́rin, kò yẹ kó máa rìn kiri láìní oríkì.

Mọ́ńdè Tó Ń Bọ̀, mo rí ọ, mo dọ̀bálẹ̀.
Abọ̀-má-dé, àlejò pàtàkì.
A gbálẹ̀ dè ọ́, a sebẹ̀ dè ọ́,
a jẹ ọbẹ̀ náà tán kó má baà kan.
Abọ̀-má-dé, ọba tí kò tíì gúnwà
tí ìlú ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún.
Ọmọ Sọ́ńdè ajẹyó,
ẹ̀gbọ́n Túsìdè tí ẹnìkan kì í bá dá májẹ̀mú.
Olówó orí "màá gbìyànjú", àlè "ó di dandan".
O kò bú wa, o kò nà wá,
o kàn ń bọ̀ ni.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún ọ, Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí ọlọ́jà ń fi ìrètí ọrọ̀ ṣí ìsọ̀. Orúkọ ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ tiwa, àmì orí rẹ̀ já bọ́, ó yí gbirigbiri, ó wọ abẹ́ lẹ́tà, o di Ọjọ́ A-jẹ. A jẹ ní Sátidé torí Mọ́ńdè ń bọ̀. A jẹ ní Sọ́ńdè torí ọ̀la ni Mọ́ńdè, ẹni tó ń lọ àjò kì í fi ebi jáde. Mọ́ńdè dé tán, a tún jẹ, torí òmíràn ń bọ̀. Ọjọ́ A-jẹ-kó-tó-dé! Ọjọ́ A-jẹ-torí-a-fẹ́-gbààwẹ̀! Ọjọ́ A-jẹ-tán-ká-tó-bẹ̀rẹ̀! Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé ní àṣìtẹ̀ lásán ni, òun á tún un ṣe. Mo bi í pé nígbà wo. Ẹ mọ èsì tó fún mi.

Àwọn ìjòyè rẹ náà kò kẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: oúnjẹ ló ṣẹ́gun. Ọjọ́rú: ètò rú, ikùn rú. Ọjọ́bọ̀: ikọ̀ rẹ ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa kéde pé o ń bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì: ó ti tì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta: àbá mẹ́ta la dá, ọ̀kan lórí ewébẹ̀, ọ̀kan lórí omi, ọ̀kan lórí oorun, kí òde ìnáwó tó tú ní Fọlá Agoro, àbá ti dòfo, ìgò mínírà ló kù nílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú: a ò sáà kú. Ìbá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ayé àtijọ́ la ṣì fi ń dá ìlérí, èyí tí Ọbàtálá, Ifá, Ògún àti Ṣàngó pín láàárín ara wọn, à bá tètè máa já ara wa kulẹ̀, ká tètè máa tún un bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé gan-an ló yẹ kó ṣe olórí àwọn akígbe rẹ. Ṣómólú ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, níbi tí ará Èkó ti ń wá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà olóṣèlú àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ àdúgbò sùn. Òun ló ń tẹ̀ ọ́, Mọ́ńdè, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Yíǹkì rẹ kì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Òun ló ń fi ẹ̀rọ ìgépépà gé ọ létí, òun ló ń dì ọ́ ní méjìlá méjìlá, síbẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì ò tíì pàdé. Kàlẹ́ńdà 2024 tó tẹ̀ fún wa, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní bọ́ sí Ọjọ́ Ajé gẹ́lẹ́. Mọ́ńdè tuntun, oṣù tuntun, ọdún tuntun, lẹ́ẹ̀kan náà! Láti 2018 ni irú rẹ̀ kò ti wáyé. A pariwo, a ní èyí ni àmì. Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ ewébẹ̀ lásán lọ́jọ́ ìrẹsì ọdún? A sún un sí ọjọ́ kẹjọ. Mọ́ńdè 53 ló wà nínú ọdún náà, ó fi ẹyọ kan lé iye tí a mọ̀. Ẹyọ tó lé yẹn, a fi sinmi.

Má rò pé Bàrígà nìkan ló ń sìn ọ́. Ní 2014, Hengchen Dai, Katherine Milkman àti Jason Riis gbé ìwádìí wọn jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n rí i pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn máa ń ya lọ sí ilé eré ìdárayá jù. Òyìnbó náà ń wárí fún ọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ń dé ẹnu ọ̀nà. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù náà ṣírò pé kí ìwà kan tó mọ́ni lára, ó ń gbà tó ọjọ́ 66, ẹlòmíràn 18, ẹlòmíràn 254. Mọ́ńdè mẹ́sàn-án ó lé nìyẹn. Àwa ò tíì rí ẹyọ kan gbé dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀; àríyànjiyàn wa lórí aago tí a máa bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà kan wà tí ìjọba fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022 tí wọ́n na òfin tó lé ọ̀kadà dé Ṣómólú àti Bàrígà, a ní Ọlọ́run ló rán wọn, ẹsẹ̀ rírìn ti di dandan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Télọ̀ mọ iye tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà dé Onípànù.

Dúró ná. N kò kì ọ́ mọ́ níbí yìí.

Oṣù tó kọjá, Ìyá Ìbejì dìde nídìí tábìlì ìpàtẹ rẹ̀, òòyì kọ́ ọ, ó di ògiri mú. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: 180 lórí 110. Nọ́ọ̀sì bi í pé ìgbà wo ló lo oògùn gbẹ̀yìn. Ó ní oògùn ti tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun fẹ́ ra òmíràn ní Mọ́ńdè ni. Ta ló bá a dá Mọ́ńdè yẹn? Àwa ni. Ó ráhùn létí wa pé owó oògùn ti ju agbára òun lọ, a sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó má dààmú ara rẹ̀, kó fi di Mọ́ńdè. Ẹnì kankan nínú wa kò sọ pé, "Gba ẹgbẹ̀rún méjì yìí mọ́ ọn." Aṣọ ẹbí tí a jọ dá lóṣù yẹn, owó rẹ̀ tó ra oògùn oṣù mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ka kàlẹ́ńdà. Ìkà ni ọ́, Mọ́ńdè, àwa la sì pọ́n ọ̀bẹ fún ọ.

Ó tó. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìyìn, ká má bàa ba ojú ọba jẹ́.

Abọ̀-má-dé, a-dé-má-wọlé,
onígbèsè tí olówó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.
Wọ́n ní ọ̀rẹ́ ní í gbéni ró;
àwa náà gbé ara wa, a gbé ara wa jókòó.
Ẹnìkan yẹ̀, mẹ́ta ní "kò burú".
Kò-burú ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ,
Ó-di-ọ̀sẹ̀-tó-ń-bọ̀ ni àkọ́bí rẹ,
Abọ̀-má-dé, ọmọ rẹ kúkú jọ ọ́.

Ibi tí mo kì ọ́ dé rèé ní alẹ́ yìí tí ohùn Ìyá Ìbejì fi wọlé sórí fóònù. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Aago márùn-ún ààbọ̀ ọ̀la. Ọjọ́rú ni, mo mọ̀. Ilé yín ni mo máa yà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí ìyá kálukú fi ń pè é ní kékeré ni mo sì máa fi pè é láti ìta." Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé kọ̀wé pé ṣé kò ní í dáa ká kúkú fi di Mọ́ńdè. Kò dá a lóhùn. Àwòrán bàtà rẹ̀ ló fi ránṣẹ́: sílípáàsì rọ́bà kan, etí rẹ̀ ti já, ó fi wáyà so ó.

Télọ̀ kọ "Àmín".

Kánfáàsì mi wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Puff-puff àná ku mẹ́ta nínú ọ̀rá.