Onílé Tó Ń Bẹ Àgbàrá

Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ká ní Houston ni wọ́n gbé ni, wọn ì bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey ń da omi sórí ìlú yìí, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló fọwọ́ ara wọn ṣí ilẹ̀kùn ìdídò Addicks àti Barker, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé omi lè gba ibi tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi wọlé onílé lẹ́bàá Buffalo Bayou. Kì í ṣe pé onílé gbà fún un o. Ẹnikẹ́ni ò bi í ni.

Onílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irú ìyẹn. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra àgbàrá. Ẹ ó bá a nínú gáréèjì rẹ̀ ní Alief tàbí ní Katy, lágbègbè Houston, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó ti orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Honda Civic ọdún 1998 kan, ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 106 lọ nígbà tó jáde tuntun. Ó ti so tọ́bò mọ́ ọn. Òun náà ló jó páìpù rẹ̀ pọ̀. Ohun tó kù ún kù báyìí ni ẹ̀rọ oníná tí yóò máa darí bí tọ́bò ṣe ń fún afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé kí ni ti owó tuntun yìí, á ní ọ̀rọ̀ ààbò ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ààbò náà wò. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò. Tọ́bò á wá máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì á jó epo púpọ̀ sí i, á tu èéfín púpọ̀ sí i, tọ́bò á tún sáré sí i. Bí kò bá sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun, ibi tí nǹkan bá ti fọ́ ni wọ́n ń sáré náà dé. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi fi géètì kékeré kan sọ́nà èéfín, tí sípíríǹgì dì í pa. Bí afẹ́fẹ́ bá ti le dé ìwọ̀n tí sípíríǹgì lè mú mọ́ra, ká fi í sí 7 psi, afẹ́fẹ́ yẹn náà á gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá, á ti sípíríǹgì, géètì á ṣí, èéfín á yà gba ẹ̀gbẹ́, tọ́bò á sì dẹwọ́. Mègáàdì ẹnu ọ̀nà ni sípíríǹgì yìí. Kò kàwé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ ọ̀rọ̀ kankan ju "ó tó" lọ.

Kí wá ni solenoid, ẹ̀rọ oníná tí ọ̀gbẹ́ni wa ń so mọ́ ọn? Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ojú mẹ́ta ló ní, àárín rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń gbé e sí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì Ládípọ̀ l'Ékòó ń pè ní brain box, á máa ṣí i, á máa tì í, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ wá ta mègáàdì lólobó lè máa jò dànù lọ́nà. Nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti di 15 psi. Létí mègáàdì, kò tíì ju 7 lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà láyìíká èmi àti ẹ̀yin kò ju 14.7 psi lọ, nítorí náà 15 lórí ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì Civic yìí ń gba afẹ́fẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n ṣe é fún. Mègáàdì jókòó jẹ́ẹ́, lójú tirẹ̀ ìlú tòrò. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé solenoid kò lè mú afẹ́fẹ́ wálẹ̀ ju ìwọ̀n sípíríǹgì lọ, ì báà ṣe psi kan péré. Òkè nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn Saab ní orílẹ̀-èdè Sweden ṣe rò ó nígbà tí wọ́n gbé APC, ẹ̀rọ ìdarí tọ́bò tiwọn, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n fi etí kan sára ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá burú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù kó tó tó àsìkò tó yẹ kó jó, etí yẹn á gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì ní kí tọ́bò rọra. Ní tiwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ní irú etí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà pa á. Wọ́n ní ó ń gbọ́ ohun tí kò sí.

Bóyá kò tiẹ̀ yẹ ká bá wọn wí púpọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́. Lọ́dún 1962, Oldsmobile ta Jetfire, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé tọ́bò sí láti iléeṣẹ́. Ó ní ike omi tí wọ́n po mọ́ methanol, èyí tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí omi yẹn bá tán, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á dín agbára kù kó má bàa bàjẹ́. Àwọn tó rà á kì í rọ omi sí i, wọ́n tún ń ráhùn pé ọkọ̀ kò lágbára. Lẹ́yìn ọdún 1963, ó tán. Onílé tó kọ̀ fún àgbàrá, wọ́n lé e kúrò lórí àtẹ.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni iṣẹ́ tí àwọn kan nínú wọn ń jẹ. Ìlú epo ni Houston, níbi ìfọpo tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ship Channel ni wọ́n wà láti òwúrọ̀, wọ́n dé akoto, wọ́n ń ṣọ́ ohun tó wà nínú páìpù. Nídìí iṣẹ́, wọn ò jẹ́ fọwọ́ kan fáàfù ààbò láìsí ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí. Wọ́n mọ ìtàn Texas City, ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2005: òpó gíga kan ní ilé ìfọpo kún dé góńgó, ohun tí wọ́n fi ń wò ó ń sọ pé ó ń fà, ó bú gbàù, àwọn ènìyàn 15 sì kú. Ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán bẹ̀rù ohun èlò tó ń purọ́ ló wá délé, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, tó ń kọ́ ohun èlò tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń purọ́.

Ọ̀nà tó gún wà o. Kéèyàn kọ́kọ́ pa solenoid, kó wo ohun tí sípíríǹgì nìkan lè ṣe. Kó máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè, kó máa ka àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kó sọ fún kọ̀ǹpútà pé bí afẹ́fẹ́ bá kọjá ààlà, kó gba epo lẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Kó di rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn dáadáa, torí ọjọ́ tó bá yọ, mègáàdì kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, tọ́bò á sì máa lọ. Ooru Houston náà wà níbẹ̀: iye tí ẹ́ńjìnnì gbà láìráhùn lálẹ́ oṣù kìíní, ó lè fi nọ́ọ̀kì lọ́sàn-án oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí Katy Freeway fẹ̀ tó ọ̀nà 26 níbi kan?

Ìjọba náà kò sí nílé. Láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025, Texas kò fi dandan yẹ bíréèkì ọkọ̀ ara ẹni wò mọ́. Àyẹ̀wò èéfín ṣì wà ní Harris County, àmọ́ ọkọ̀ tó bá ti ju ọdún 24 lọ bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ṣírò ti Civic 1998. Pápá eré ìje Baytown tí wọ́n ṣí lọ́dún 1988, níbi tí wọ́n ti lè sáré láìpa aládùúgbò lára, ti kógbá sílé lọ́dún 2023.

Bí ẹ bá fẹ́ solenoid lówó pọ́ọ́kú, ẹ má ra tuntun. Ẹ ní sùúrù díẹ̀, ọ̀gbẹ́ni wa á polówó: tọ́bò pé pérépéré, solenoid ṣì ń dán, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ní ìṣòro kékeré. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó fẹ́ fowó náà ṣe, á ní òun ti rí tọ́bò kan tó tóbi ju èyí lọ.