Kéwú Tí Kò Lè Ra Ata

Òkò ọjà ni mo fẹ́ sọ lónìí, mo sì mọ̀ pé ará ilé mi náà ni yóò bà. Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ má sá. Ẹ̀yin Ìsẹ́yìn, ẹ má fi Ṣakí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbòho, Kíṣí, Tedé, Òkèhò, ẹ sún mọ́bí, àyè ń bẹ fún gbogbo yín.

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn yín kò ju ẹyọ kan lọ: láti kékeré lẹ ti ń ka Lárúbáwá, ẹ kò sì lè fi ra ata.

Ṣé bí a ṣe ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa nìyí. Eyín ọmọ kò tíì hù tán tí wọ́n á ti gbé wáláà lé e lọ́wọ́. Àlífù, báù, táù. Bó bá ṣi báù pè, àtòrì aáfà á bá a tún un pè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a bọ̀ títí yóò fi parí Kùránì, tí wọ́n á sì ṣe wòlímọ̀ fún un. Ọjọ́ yẹn lẹ ó mọ̀ pé Òkè-Ògùn ń náwó. Bàbá á ti ta àgbàdo oko tán, ìyá á ti fi owó ẹ̀lùbọ́ gba aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, màlúù á ṣubú, ọmọ á di etí mú, á fi ohùn orin ka súrà, owó á máa lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Ẹ wá bi àwọn tó ń lẹ owó mọ́ ọn pé kí ni ọmọ ń wí. Wọ́n á ní, "Ohùn ẹ̀ mà dùn o!" Ṣé ohùn ni mo bi yín ni?

Ọmọ dàgbà, ó di gbajúmọ̀, ó kó owó Hájì jọ. Ní 2025, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwa ará gúúsù ju mílíọ̀nù 8 náírà lọ. Ẹni tó san irú owó bẹ́ẹ̀ ti ta nǹkan. Ó dé Mọ́kà, ó yí Káábà po, ó sunkún, ó ṣe àdúrà gígùn tí kò fi ẹyọ Yorùbá kan sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìrẹsì tí wọ́n ń gbé fún wọn sú u. Ìyàwó rẹ̀, tó ti di ẹ̀lùbọ́ mọ́ abẹ́ aṣọ nínú báàgì láti ilé, ní àwọn ó ro àmàlà, kí Alájì lọ ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà wá. Alájì gbé jàlàbíà wọ̀, ó yan jáde. Ó dé iwájú ẹni tó ń ta tòmátì. Ó wò ó, ọkùnrin náà wò ó. Gbogbo Lárúbáwá tó wà láyà Alájì sá wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ó wá na ìka sí tòmátì, ó ní, "Haú mọ́ọ̀ṣì?"

Gẹ̀ẹ́sì! Ẹni tí kò ka ìwé òyìnbó kọjá ìwé mẹ́ta, tó fi èwe òun àgbà ka kéwú, òun ló wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì nájà nílùú Ànábì.

Ti Àlájà tún burú jùyẹn lọ, nítorí òun gbà pé etí ló ń dun ọlọ́jà. Bí wọn kò bá gbọ́ "ẹyin" lẹ́ẹ̀kíní, á fi igbe sọ ọ́. Bí igbe kò bá ràn án, á ká apá méjèèjì mọ́ ìhà, á lósòó díẹ̀, á wá máa ké kọkọkọ. Ọlọ́jà á gbé odindi adìyẹ fún un. Àlájà, bayd ni wọ́n ń pe ẹyin. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kò jẹ́ kó o lósòó láàárín ọjà. Ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká sọ bó ṣe ń nájà nínú ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti lẹ iye owó mọ́ gbogbo ọjà lára. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ tó ń ṣírò owó, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bu díẹ̀ kúrò. Owó-orí ọjà tí ìjọba Saudi gbé dé ìdá 15 nínú 100 láti 2020 ti wà nínú owó yẹn. Ta ni yóò bá ọ dín in, ṣé ọba?

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé, Àlájà kan náà yìí, bó bá wà lọ́jà Ṣakí, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. Ó ń bá Hausa tó kó àlùbọ́sà dé sọ Hausa. Ó ń fi èdè Fúlàní já owó wàrà. Bí àwọn Ìbàrìbá bá gba ẹnubodè wọlé láti Bẹ̀nẹ̀, ó ní gbólóhùn tó fi ń dá wọn dúró. Ta ló kọ́ ọ? Kò sí wáláà, kò sí àtòrì, kò sẹ́ni tó pa màlúù. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá gbọ́ èdè, wọn ó rẹ́ òun jẹ, ó sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá ní tirẹ̀, Ọlọ́run nìkan la fi ń bá sọ̀rọ̀, Ọlọ́run kì í sì í ta tòmátì. Ẹ̀bẹ̀ la kọ́, a kò kọ́ ìnájà.

Ó sì ń dùn mí, nítorí ẹ gbé ìdajì ọjà Mọ́kà sẹ́nu látilé. Àlùbọ́sà yẹn, al-basal ni. Àwọn Hausa ló bá wa gbé e dé. Ẹ pè é bó ṣe wà lẹ́nu yín, ọlọ́jà á fura. Àlìkámà, Lárúbáwá ni. Kànáfùrù, Lárúbáwá ni. Múdù tí ẹ fi ń wọn àgbàdo, òun náà ni mudd tí wọ́n fi ń ṣírò sàká ìtúnu ààwẹ̀, mẹ́rin fún orí kọ̀ọ̀kan. Dàbínù nìkan ni yóò já yín kulẹ̀, Hausa nìyẹn. Tamr ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ má baà dúró láàárín òkìtì dàbínù kẹ́ ẹ máa wá dàbínù kiri.

Owó kíkà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí àsàlátù ní gbogbo Àlàádì, Àlàádì ni ọjọ́ kìíní. Àtìní ni ìkejì, Àtàláátà ni ìkẹta, Àlàrùbá ni ìkẹrin, Àlàmísì ni ìkarùn-ún. Ahad, ithnayn, thalatha, arba'a, khamsa. Riyal lẹ ti ń kà látọjọ́ yìí, ẹ rò pé ọjọ́ lẹ ń kà! Ẹ kàn fi wahid dípò ahad, ó ti parí.

"Rárá" ńkọ́? La ni, òun sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú kálímà tí ẹ fi ń jí, tí ẹ fi ń sùn. Síbẹ̀, iye yòówù tí ọlọ́jà Mọ́kà bá pè, Alájì á máa mi orí sí i: "Naam, naam." Ọkùnrin tó máa ń fa àgbẹ̀ Tedé láti àárọ̀ dọ̀sán nídìí òkìtì iṣu kan! Ènì náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin akéwú, nínú àdúrà ìmọ̀ tí ẹ ń ṣe, zidni lẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ fún àlékún. Bí ọlọ́jà bá ti wọn tòmátì tán, ẹ tẹ́wọ́ sí i, ẹ ní zidni. Ó pẹ́ tán, á rẹ́rìn-ín fi ẹyọ kan sí i.

Nínú Súrà Bákárà gan-an, ní áyà 61, oúnjẹ oríṣi kan sú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bí ìrẹsì ṣe sú yín, wọ́n ní kí Ànábì Músá bá àwọn bẹ Ọlọ́run, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn fẹ́, láti orí ewébẹ̀ títí dé àlùbọ́sà. Ìwé ọjà rèé o! Ẹ ti kà á kọjá lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì ṣe àmín sí i.

Mo fura ṣá pé súrà kan wà tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Súrà 83, Mutaffifin, àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù ló ń bá wí. Ẹlẹ́lùbọ́ kan á fi ohùn aládùn kà á ní àsùbáà. Bílẹ̀ bá mọ́ tán, á gbé kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú jáde sọ́jà. Ká ní ó gbọ́ ohun tó ń kà ni, ó kéré tán, ì bá ti wá súrà mìíràn kà.

Ẹ̀yin ọmọ Markaz, ẹ̀rín tó. Òótọ́ ni pé Shaykh Adam Abdullahi al-Ilori, tó dá ilé-kéwú Markaz sílẹ̀ ní 1952, tó sì gbé e wá sí Agége ní 1955, kò fẹ́ kéwú àkọ́sórí lásán. Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ jáde gbọ́ Lárúbáwá ní tòótọ́. Ìyọnu tiwọn ni pé Lárúbáwá inú ìwé ni. Ẹ rán ọ̀kan nínú wọn ní ata, á dúró gangan, á tún ọ̀fun ṣe, á fi gbogbo àmì òkè àti ìsàlẹ̀ bèèrè iye tòmátì, àwọn tó wà nítòsí á ti máa bọ́ bàtà, wọ́n rò pé kútúbà Jímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jà náà kò sì gbọ́, nítorí ọmọ Bangladesh ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dúró ti ọjà ní Mọ́kà, láti Bangladesh àti Pakistan ni wọ́n ti wá, èyí tí wọ́n rí ṣà lọ́jà ni àwọn náà ń sọ.

Ẹ wá mọ ohun tó ń yọ Àlájà? Hausa. Ó pẹ́ tí àwọn èèyàn ilẹ̀ Hausa ti fìdí kalẹ̀ sí Mọ́kà àti Jeddah. Takruni ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn ìhà tiwa níbẹ̀. Bí Àlájà bá ti gbọ́ "sannu" lápá ibì kan, ojú rẹ̀ á là. Hausa ọjà Ṣakí, tí kò san kọ́bọ̀ kọ́, ni yóò ra ata tí odindi kéwú kò lè rà.

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló kù. Bikam ni "èló ni?" Bó bá wọ́n, ghali, bí kò bá wọ́n, rakhis, ṣùgbọ́n aláìlọ́gbọ́n ló ń sọ rakhis sí ọlọ́jà létí. Filfil ni ata, lahm ni ẹran, samak ni ẹja, milh ni iyọ̀. Kha inú khamsa yẹn, láti òkè ọ̀fun ni kẹ́ ẹ ti fà á, bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. Mo mọ̀ pé yóò nira fún àwa tí a sọ khamis di Àlàmísì, tí a sọ kha nù sọ́nà kó tó dé Ìsẹ́yìn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín nítorí ẹ̀: lẹ́tà 28 ni Lárúbáwá ní, gb kò sí níbẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà náà pe Ìgbòho.

Ẹ̀yin aáfà tí ẹ ń dá àwọn tó fẹ́ lọ Hájì lẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣeun, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ ìhíráámù, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ òkò ní Jámárà. Ẹ bá wa yọ wákàtí kan sílẹ̀ fún bikam, la, ghali àti owó kíkà. Ẹ pín wọn sí méjì méjì, kí ẹnì kan ta ata, kí ìkejì rà á. Kí Alájì mọ̀ pé bí òun kò bá rí ata rà lójú aáfà ní Ṣakí, òun kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú.