Ìlànà fún Òmùgọ̀ Aláháàpù ní Àbíjàn

Ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò àti ọmọ Yorùbá gbogbo tí ẹ fi Àbíjàn ṣe ilé, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ra háàpù kékeré, tó sì fẹ́ fi ta orin tí àwọn òyìnbó kọ fún háàpù ńlá, ìlànà rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e dé òpin kò ní kùnà láti kùnà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀: háàpù ńlá ní okùn 47 àti pẹ́dàlì méje lábẹ́ ẹsẹ̀. Tẹ pẹ́dàlì F, gbogbo F tó wà lára háàpù náà á yí ohùn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Háàpù tìrẹ sábà máa ń ní okùn 34, lífà kékeré kan sì wà lókè okùn kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ la fi ń gbé lífà, okùn tirẹ̀ nìkan ló sì ń gbé sókè, ní ìdajì ohùn péré.

Èkíní: orin tó le jù ni kí o yàn. Mú *Introduction et Allegro* tí Ravel kọ lọ́dún 1905. Ilé iṣẹ́ Érard tó ń ṣe háàpù ló ní kó kọ ọ́, kí ayé lè rí ohun tí pẹ́dàlì wọn lè ṣe. Ta ni ìbá tún yẹ bí kò ṣe ẹni tí kò ní pẹ́dàlì? Má ṣe wo ìhà orin tí Mozart kọ fún fèrè àti háàpù ní Paris lọ́dún 1778. Nígbà yẹn, pẹ́dàlì kì í gbé okùn ju ìdajì ohùn lọ, E fíláàtì ni wọ́n sì sábà ń yí háàpù sí. Ọdún 1810 ni Érard tó gba àṣẹ lórí pẹ́dàlì onípele méjì. Háàpù Mozart àti tìrẹ ti fẹ́ jọra jù. Kò yẹ akọni.

Èkejì: yí gbogbo okùn sí C. Kò ní ṣáàpù, kò ní fíláàtì, ọkàn á balẹ̀. Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n a máa yí i sí E fíláàtì, nítorí lífà kì í rẹ ohùn sílẹ̀, ó kàn ń gbé e sókè ni. Láti ibẹ̀ wọ́n á ní kí (key) mẹ́jọ, láti orí fíláàtì mẹ́ta dé ṣáàpù mẹ́rin. Kí ni ìwọ fẹ́ fi kí mẹ́jọ ṣe?

Ẹ̀kẹta: má ṣe ṣètò lífà sílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì bá dí, tí F ṣáàpù sì yọjú, fi eyín gbé e. Àwọn kan a máa kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ òsì ti lè sinmi díẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n á ti gbé lífà. Wọ́n tiẹ̀ lè gbé F òkè sí ṣáàpù kí wọ́n fi F ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ohun tí pẹ́dàlì kò lè ṣe láé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè. Ṣùgbọ́n ìwọ, pẹpẹ nìkan ni kí o máa nawọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin: ta okùn tí kò sí. Níbi tí orin bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ ju okùn rẹ lọ, na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, kí o sì di ojú. Ẹni tó bá gbé ìsàlẹ̀ náà sókè sí ohùn kan náà tó tẹ̀ lé e, ojo ni.

Ẹ̀karùn-ún: yí okùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, kí o má sì tún un wò mọ́. Lọ́jọ́ kejì, gbé háàpù wọ ọkọ̀ gbàkà láti Adjamé lọ sí Cocody ní ọ̀sán gangan. Oòrùn àti ọ̀rinrin ọ̀sà Ébrié á bá ọ ṣe ìyókù.

Ẹ̀kẹfà: sá fún oníkórà. Bí o bá bá wọn níbi ìgbéyàwó àwọn Júlà, gba ọ̀nà ibòmíràn. Kórà kò ju okùn 21 lára igbá tí a fi awọ màlúù bò, kò ní pẹ́dàlì, kò ní lífà, àtàǹpàkò méjì àti ìka ìfábẹ̀lá méjì ni oníkórà fi ń ta á. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kẹ́dùn pé nǹkan ṣẹ́ kù. Ó ti yí okùn sí ohùn tí orin náà fẹ́ kó tó jókòó. Oníkórà kan, Seckou Keita, tiẹ̀ ṣe kórà ọlọ́rùn méjì, kó lè ní ohùn méjì nílẹ̀ pa pọ̀. Òun àti Catrin Finch, aláháàpù ará Wales, gbé àwo orin *Clychau Dibon* jáde lọ́dún 2013. Tunde Jegede, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ kọ́ kórà ní Gáńbíà lọ́dọ̀ Amadu Bansang Jobarteh, ó sì ń ta sẹ́lò pẹ̀lú. Bí o bá jókòó ti irú wọn, o lè gbọ́n lójijì.

Èkeje: ta gbogbo nóòtì. Má ṣe béèrè èwo ni orin gan-an, èwo ni ìsàlẹ̀ tó gbé e dúró, èwo ni wọ́n kàn sọ di méjì kó lè kún etí nínú gbọ̀ngàn ńlá. Bí ẹlòmíràn bá gé ìdajì wọn kúrò, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ìwọ kò fo nóòtì kan.