Kúmólú ti Bódìjà

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọkùnrin ni, àmọ́ Kúmólú tó ń jẹ́ báyìí náà nídìí. Àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ti ń bẹ ikú kó wá mú olú kúrò nínú koríko òun.

Bàbá tó bí i, bí koríko bá fi lè yọjú níwájú ilé, ọkọ́ ni wọ́n ń kì mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní la fi ń mọ ilé tí èèyàn ń gbé. Ọmọ wá sanwó fún onífúláwà kó gbin koríko, ó tún ra ẹ̀rọ tí yóò máa gé e. Ẹ bá mi bi í léèrè.

Òjò rọ̀, olú hù: funfun báláú, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Ó fi bàtà gbá a. Nígbà tó fi máa di ọ̀la, mẹ́fà ló bá níbẹ̀. Ó da iyọ̀ sí i, koríko ló kú. Ó da kẹrosín sí i. Wòlíì dé, ó ní ọ̀tá ló gbìn ín, ó ta òróró yíká.

Àfìgbà tí màmá rẹ̀ dé láti Ìkirè. Màmá já ọ̀kan, wọ́n yí abẹ́ rẹ̀ sókè: ó ti ń di àwọ̀ ewé.

"Èyí kì í ṣe olú orí ọ̀gán o. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, tòkè-tìsàlẹ̀ ni yóò máa gbà jáde."

Òótọ́ ni. Chlorophyllum molybdites ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Màmá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò.

"Àkànní, kí lo rì mọ́bí?"

Ọ̀rẹ́ mi fò sókè. "Màmá, mi ò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀ o! Mi ò ṣe ẹgbẹ́ kankan!"

Ìdí máńgòrò ló wà nísàlẹ̀. Nígbà tó ń kọ́lé, ó gé igi, kò hú kùkùté, ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó tẹ́ koríko lé e. Ohun kan bí òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rìn lábẹ́ ibẹ̀, tó ń jẹ gbòǹgbò tó ti jẹrà. Olú tí à ń rí kò ju èso rẹ̀ lọ. Bàtà, iyọ̀ àti òróró, èso ni gbogbo wọn ń bá jà.

Màmá ní kó hú kùkùté náà. Bí kò bá lè hú u, kó máa já olú dànù kí ọmọdé má fi sẹ́nu, títí oúnjẹ ìsàlẹ̀ yóò fi tán.

"Ìgbà wo ló máa tán, Màmá?"

"Ó lè tó ọdún mélòó kan."

Ọdún kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi pe àwọn oníńtálọ́ọ̀kì. Wọ́n ká koríko kúrò, wọ́n to bíríkì dé ẹnu géètì. Lóṣù tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, olú kan ti yọrí láàárín bíríkì méjì, ó dé fìlà.