Oríkì Ajíjó-Láìgbọ́lù, Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àlòkù ti Ire-Akárí

Ẹ tẹrí ba, ẹ̀yin ará Ire-Akárí. Ẹ̀yin ọmọ Ìsọlọ̀, ẹ yí gbirigbiri. Ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibùdókọ̀ Cele ti sọ di onílé lójú títì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wá kí Kábíyèsí. Ajíjó-láìgbọ́lù! Arúgbó Ìlú Ọba tí kò gbà láti kú sí Ìlú Ọba! Ẹlẹ́nu róbótó tí í gbé ìbọ̀sẹ̀ kan mì, tí í dá ìkejì padà fún olówó rẹ̀! A-mu-garawa-mẹ́wàá-fọ-ẹ̀wù-méjì! Ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù ti wọlé. Ó dé tòun ti ìpẹtà, ó dé tòun ti ariwo, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì sẹ́ni tó lè gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹ má pè é ní ọmọ tí kò nílé. Ìdílé ńlá ló ti wá. Bendix ni baba ńlá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1937, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú ilé tó ń bomi fún ara rẹ̀, tó ń fọ̀, tó ń ṣan án, tó sì ń gbọn omi kúrò lára aṣọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Akin ni baba yìí. Bóòtì ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn aṣọ, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Ẹ̀ka ìdílé náà mìíràn wà ní Merthyr Tydfil ní ilẹ̀ Wales, níbi tí Hoover ti ṣí ilé-iṣẹ́ ní 1948. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìfúnṣọ lórí, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Nǹkan bí ọdún 60 ni wọ́n fi rọ ọmọ lé ọmọ kí wọ́n tó ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 2009. Àwọn òbí ti sùn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì ń bẹ láyé, wọ́n ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Báwo ni ọmọ ọba ṣe ń dé Èkó? Kì í fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn yẹ ẹrù èbúté Èkó wò ní 2015 àti 2016, wọ́n rí i pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 àlòkù ẹ̀rọ oníná ló ń wọlé lọ́dún, pé ó kéré tán tọ́ọ̀nù 15,400 nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ rárá, àti pé inú ikùn ọkọ̀ tókunbọ̀ ni wọ́n rọ èyí tó pọ̀ jù sí. Bọ́ọ̀sì ni Kábíyèsí wa gùn wá, ìjókòó ẹ̀yìn ni ó gbà. Táyà mẹ́rin ni adé rẹ̀, mátírẹ́ẹ̀sì onílà-pupa ni olorì rẹ̀, kò sì san kọ́bọ̀ owó ọkọ̀.

Ó sọ̀ ní Àpápá, ó dé ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, wọ́n nù ún, wọ́n fi ọ̀dà kun ìpẹtà ìdí rẹ̀, ó wá jókòó sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù ó ń dúró de ẹni orí burúkú.

“Ọ̀gá, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Haà, Mummy! Ẹ wò ó, ó ń yí.”

Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́, àgbá inú ẹ̀rọ sì ń yí lóòótọ́, láìsí ẹ̀kán omi kan, láìsí aṣọ kan. Táyà ń yí, orí ọ̀mùtí náà ń yí, kò sì sí èyí tó fọ aṣọ nínú wọn. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kò ní wo yíyí. Yóò ní kí wọ́n pa á, yóò ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, yóò gbá ètè àgbá náà mú, yóò sì gbé e sókè sódò. Bó bá dúró gírí, ó ṣì ní ẹ̀mí. Bó bá ń mì gbọ̀ngbọ̀n, bíárìn rẹ̀ ti kú nílé ọkọ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ki ọwọ́ bọ ẹnu ọba? Wọ́n sanwó.

Ó wá ku gbígbé. Ọkùnrin mẹ́ta tí àyà wọn tóbi ló gbà á mọ́ra, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn. Onísìmẹ́ǹtì-ikùn! Kì í ṣe irin ló wúwo tó bẹ́ẹ̀, kọnkéré ni. Wọ́n mọ òkúta kọnkéré sínú rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ nígbà tí aṣọ tútù bá rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan àgbá tí àgbá sì ń sáré. Àwọn àgbà Èkó ò tíì gbàgbé ọdún 1975, nígbà tí ìjọba ra sìmẹ́ǹtì kọjá ohun tí èbúté lè gbà, tí ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ òkun sì tò sójú omi tí wọn ò rí ibi já ẹrù sí. Gbogbo ayé ti rò pé ọ̀ràn yẹn ti parí. Kábíyèsí nìkan ni kò gbọ́: títí di òní olónìí, ó ń gbé kọnkéré tirẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun, díẹ̀díẹ̀, ilé kan lẹ́yìn ìkejì.

Ní Ire-Akárí, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni omi. Ọ̀nà ọ̀fun méjì ló ní, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, torí pé ní ilé tó ti wá, omi gbígbóná ní páìpù tirẹ̀, omi tútù sì ní tirẹ̀. Níhìn-ín, tánkì dúdú kan ló wà lórí òrùlé fún gbogbo wa: òwúrọ̀ ló ń fúnni ní omi tútù, tó bá sì di agogo mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn Èkó á ti se é fún ọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n agbára omi ńkọ́? Tánkì tó bá fi mítà 10 ga ju ẹ̀rọ lọ ni omi rẹ̀ ń fi agbára bar kan tì wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ báyìí ń fẹ́ ìdajì rẹ̀, ìyẹn ni pé tánkì ní láti fi mítà 5 jù ú lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí tánkì rẹ̀ jókòó sórí àjà kò rí ju mítà méjì tàbí mẹ́ta fún un. Omi ń kán tó-tó-tó. Omi bọ́hóòlù tó kún fún ìpẹtà tún dí asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun náà pa.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n fa àpótí ọṣẹ rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń fi garawa rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí baba ńlá rẹ̀ ń bomi fún ara rẹ̀ ní 1937 ti wá ní apọnmi mẹ́ta ní Ìsọlọ̀. Ọba-tí-ń-dá-ṣiṣẹ́-tí-gbogbo-ilé-ń-bá-ṣiṣẹ́!

Iná ni ohun kejì. Hítà inú rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 2,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo àdúgbò ń pè ní I-better-pass-my-neighbour kò sì tó kilowatt kan. Bí hítà bá ti wọlé báyìí, jẹnẹrétọ̀ á ké “hùùùn”, gílóòbù á pọ́n, ohun gbogbo á sì dákẹ́. Ẹni tó ní iná ìjọba tirẹ̀ ń wo mítà: nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, lọ sí náírà 225 fún yúníìtì kan, arúgbó tó bá sì ń fi omi gbígbóná fọṣọ lè jẹ ju yúníìtì kan lọ nínú fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ kan ṣe máa ń já wáyà hítà náà. Àgbà tó mọ ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ kò gba irú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni táímà wọn kì í sún síwájú àfi bí omi bá gbóná dé ibi tí wọ́n yí i sí. Ẹ já wáyà rẹ̀, yóò máa yí, yóò máa yí, yóò máa dúró de omi gbígbóná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá tún ní ìgbéraga tiwọn. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ń jẹ, ó di dandan kí wọ́n ra tiransifọ́mà fún wọn. Kódà bí wọ́n bá jẹun yó, iná ibẹ̀ ń mì ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń mì ní ìgbà 50, táímà wọn sì ń bá ìmì iná rìn. Fífọ̀ ìṣẹ́jú 30 di ìṣẹ́jú 36. Ará Amẹ́ríkà gan-an bá dé Èkó, ó di aláìkánjú.

Dókítà Hans Rosling, ará Sweden, sọ lórí pèpéle TED ní 2010 pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ́kọ́ wọ ilé àwọn, ìyá àgbà òun fa àga síwájú rẹ̀ ó sì wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí pé igi ìdáná ló fi ń se omi, ọwọ́ ló sì fi fọ aṣọ ọmọ méje. Ó ní nínú bílíọ̀nù 7 èèyàn tó wà láyé nígbà náà, bí bílíọ̀nù 2 péré ni ẹ̀rọ ń bá fọṣọ. Ní Ire-Akárí náà, wọ́n ń fa àga síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ń dì í mú ni. Bó bá dé ìgbà gbígbọn, tí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, á bẹ̀rẹ̀ ijó látẹnu ọ̀nà, á jó dé ibi gáàsì, á fa wáyà ara rẹ̀ yọ, á sì dúró. Ajíjó-láìgbọ́lù, ta ló pè ọ́ síta?

Kò sì sí aṣọ tí kò lè fi ṣe ohun tuntun. Ẹ fi àdìrẹ Ìtòkú àti bùbá funfun sínú rẹ̀ pọ̀, yóò dá aró fún yín láìlọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ fi ọṣẹ ìfọwọ́fọ̀ tó ń hó dáadáa sí i, ìfófòó á gba ẹnu àpótí ọṣẹ jáde, á sì fọ ilẹ̀ ilé ìdáná mọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ òkè ò gbọdọ̀ dé iwájú rẹ̀ rárá. Aṣọ tó bá ara rẹ̀ mu jù ni èyí tí wọ́n rà lọ́jọ́ Túsìdeè ní ọjà Aswani: òkìríkà ń fọ òkìríkà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ní gbogbo àsìkò yìí, alágbàfọ̀ tó wà níkòríta ti fọ tirẹ̀, ó ti sá a, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti fi stáàṣì sí i, kò sì sí ẹni tó ki oríkì kankan fún un.

Síbẹ̀, oyè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ Kábíyèsí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n ti jó àgbá ìta wọn pọ̀ nílé-iṣẹ́, bí bíárìn bá kú, wọ́n á ní kí ẹ ra òmíràn. Tirẹ̀, bóòtì ni wọ́n fi dè é. Sípánà lásán ń tú u. Oníṣẹ́ máa ń yọ bẹ́líìtì, á yọ páálí irin ẹ̀yìn, á la àgbá sí méjì lórí ilẹ̀, á fi òòlù àti irin gbọọrọ lu bíárìn àtijọ́ jáde. Epo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ti ní ojú bí ẹni ilẹ̀ gbóná ṣe. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ni wọ́n ń kà: 6204, 6205. Nọ́ńbà yìí kan náà ló wà lára àwọn ọ̀kadà kan, nítorí náà kò sídìí láti kọ lẹ́tà sí Wales, ọjà Ládìpọ̀ kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n ra méjèèjì, wọ́n ra síìlì tí omi ò ní gbà kọjá, wọ́n ra gírísì. Wọ́n tú asẹ́ pọ́ńpù, wọ́n bá ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan, bọ́tìnnì méjì, àti péńì kan tó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth. Owó ilẹ̀ òkèèrè kan ṣoṣo tí ọba mú wọlé nìyẹn.

A-kú-tún-jí! A-tú-pátápátá-tún-ara-ṣe! Wọ́n dè é padà, wọ́n tan iná, wọ́n bomi sí i lẹ́nu. Ó ń yí láìdún. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ìyá ilé sì mú owó jáde kí ó sanwó iṣẹ́. Ìṣẹ́jú ogójì kọjá. Ẹ̀rọ dúró, aṣọ wà nínú rẹ̀, omi ọṣẹ sì kún dé ọrùn.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, omi ò jáde o.”

“Ẹn-ẹ́n, pọ́ńpù nìyẹn, Mummy. Bíárìn la jọ sọ. Ẹ ò sọ pé ẹ fẹ́ kó da omi nù.”

Ọba tí kì í tutọ́ sílẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀! Ẹ gbé garawa wá.